Ta Ni Yóò Sọ Pé Kí A Yí Padà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà: bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tí yóò dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà. Òwe yìí ni mo fi ki ara mi láyà nígbà tí mo dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ agunkè kan ní ìlú Salt Lake City, ní ìpínlẹ̀ Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Mo rò pé bí a bá ti pọ̀, ewu dínkù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọdún mẹ́rin tí mo ti lò láàrin wọn ti fi yé mi pé òwe náà kò ní àbùkù. Èmi ni mo pa á ní ìlàjì. Ejò tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ lè sọ fún èyí tó wà níwájú pé kó dúró. Bí kò bá lè sọ ọ́, gbogbo wọn ni yóò jọ wọ́ sínú iná kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ jíròrò ní ọ̀sẹ̀ yìí: ìgbà tó yẹ kí ènìyàn la ẹnu láàrin ẹgbẹ́, àti bí ẹni tí a tọ́ ní ilé Yorùbá ṣe lè là á. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó wà lẹ́yìn odi ti kọ̀wé sí mi pé àwọn ará ibi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ yín ń pè yín sí ìrìn orí òkè ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kò sì mọ̀ bóyá kí ẹ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra bàtà, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ẹgbẹ́ agunkè kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1857 ni wọ́n dá Alpine Club sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé. Ní Amẹ́ríkà, Appalachian Mountain Club bẹ̀rẹ̀ ní Boston ní 1876, Sierra Club sì tẹ̀lé e ní California ní 1892. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1894, àwọn kan gun Mount Hood ní ìpínlẹ̀ Oregon dé góńgó, orí òkè náà gan-an ni wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ Mazamas sílẹ̀. The Mountaineers bẹ̀rẹ̀ ní Seattle ní 1906. Irú àwọn ẹgbẹ́ báwọ̀nyí kì í sábà jẹ́ ilé iṣẹ́ aṣòwò. Ọmọ ẹgbẹ́ a máa san owó ọdún, àwọn tó sì ń ṣáájú ìrìn kì í gba owó iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ràn òkè, wọ́n sì fẹ́ kí ẹlòmíràn fẹ́ràn rẹ̀. Èyí dára púpọ̀, ó sì gba ìṣọ́ra, nítorí ẹni tó ń ṣáájú rẹ kì í ṣe ọ̀gá tí o sanwó fún, kì í sì í ṣe òbí rẹ. Ènìyàn bíi tìrẹ ni, tó lè gbọ́n, tó sì lè ṣì í mú.

Abẹ́ àwọn òkè Wasatch ni Salt Lake City wà. Bí ènìyàn bá dúró ní òpópónà tó kọjú sí ìlà-oòrùn, òkè ni yóò máa wò. Mount Olympus, tó dúró ti ìlú bí ògiri, ga tó mítà 2,751 ju ìtẹ́jú òkun lọ. Chappal Waddi, tí kò sí òkè tó ga jù ú lọ ní Nàìjíríà, ga tó mítà 2,419. Ní ìgbà ooru, ẹgbẹ́ wa a máa fi ẹsẹ̀ rìn lórí àwọn òkè wọ̀nyí. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá bo gbogbo rẹ̀, síkì ni a ń lò: pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí a ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a máa ń wakọ̀ lọ sí gúúsù ìpínlẹ̀ náà, níbi tí omi ti gbẹ́ àpáta pupa láti ayébáyé títí ó fi di ọ̀gbun tóóró. Okùn ni a fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú wọn. Àwọn ibòmíràn wà níbẹ̀ tó fún débi pé bí o bá na apá rẹ méjèèjì, ọwọ́ rẹ yóò kan ògiri òsì àti tọ̀tún.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo ti di agunkè, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ọmọ Ìdànrè ni wọ́n; orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí kí àwọn ará ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn baba wa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kí ara lè tù wá, ìwọ wá fẹ́ gùn ún padà. Kí lo sọ nù síbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè méjì. "Ṣé ẹ pọ̀?" Mo ní a pọ̀, mọ́kànlá ni wá. "Ṣé ẹ máa ń gbọ́ra yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn kejì yìí ni mo yára fọ̀ jù.

Ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnìkan

Ìrìn kẹta tí mo bá wọn rìn wáyé nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí ilẹ̀ ti ń tètè ṣú. Bàtà tuntun ni mo wọ̀. Kí a tó gbéra, ẹni tó ṣáájú wa sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ ní gbogbo ìgbà: bí nǹkan kan bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré. Kò tíì pé wákàtí méjì tí gìgísẹ̀ mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo dákẹ́. Èmi nìkan ni adúláwọ̀ láàrin wọn lọ́jọ́ náà, mo sì rò ó pé bí mo bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó dúró, wọn yóò ní irú àwa kò lè gun òkè. Kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi ojú sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi.

A dé góńgó. A ya fọ́tò. Nígbà tó di pé kí a máa sọ̀ kalẹ̀, n kò lè fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni akẹ́yìn wa, ìyẹn ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn òun. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n bọ́ bàtà mi, wọ́n sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ ara. Awọ gìgísẹ̀ náà ti bó tán. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dì í, wọ́n sì sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Bí o bá ti sọ ọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà wá. Ní báyìí, yóò gba gbogbo wa ní wákàtí mẹ́ta. Ní ọjọ́ tí o bá bá wa rìn, ẹsẹ̀ rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan."

Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí òkè. Ẹni mẹ́ta nínú wa kò mú iná orí dání, nítorí náà ẹni méjì-méjì ń lo ìmọ́lẹ̀ kan. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù nígbà tí a dé ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀kan nínú wa ní ọmọ ìkókó nílé. Ìyàwó rẹ̀ ti ń pe fóònù láti aago méje, fóònù kò sì wọlé. Mo rí ojú ọkùnrin náà bó ṣe ń ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Kò bá mi wí. Ó yá mi lára ju kí ó bá mi wí lọ.

Láti ọjọ́ náà ni òfin ẹgbẹ́ ti yé mi. Ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń rìn. Ẹnìkan ṣáájú, ẹnìkan kẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí yóò ré akẹ́yìn kọjá sẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá pín sí méjì, ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ yóò dúró de èyí tó kù. A máa ń fi ẹnu kò lórí wákàtí àbọ̀ kí a tó kúrò nílé: bí aago méjì ọ̀sán bá lù, a ó yí padà, ì báà jẹ́ pé góńgó ku ìwọ̀n ibi tí ènìyàn lè ju òkúta dé. Olúkúlùkù ni yóò sì gbé ohun tí The Mountaineers kọ́kọ́ tò jọ bí ohun kòṣeémánìí mẹ́wàá, tí àwọn agunkè kárí ayé ń lò dòní: máàpù àti kọ́ńpáàsì, iná orí, ohun ìdáàbòbò lọ́wọ́ oòrùn, àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, ọ̀bẹ, ohun ìdáná, ohun tí a lè fi ṣe ibùgbé bí ilẹ̀ bá ṣú, oúnjẹ tó lé, omi tó lé, àti aṣọ tó lé. Ìbá ṣe pé gbogbo wa gbé e ní ọjọ́ yẹn, a kì bá má pín iná lò.

Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn

Inú ọ̀gbun ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní àkókò tirẹ̀, tí àkókò náà bá sì ti kọjá, kò wúlò mọ́. Bí a bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, a ó fi okùn kọ́ igi tàbí òrùka irin kan lókè, gbogbo wa yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kẹ́yìn yóò sì fa okùn náà bọ̀ kí a lè fi sọ̀ kalẹ̀ níbi tó kàn. Ìgbà tí okùn bá ti já bọ́ sí ìsàlẹ̀, ọ̀nà àbọ̀ ti dí. Kò sí ẹni tó lè gun ògiri àpáta náà padà. Iwájú nìkan ló kù. Nítorí náà, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ẹni tí òtútù ti mú jù, ẹni tó rí ìkúukùu dúdú lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó tó di pé wọ́n fa okùn ni kó sọ̀rọ̀.

Àwọn onímọ̀ ọ̀gbun ní ìlànà tí wọ́n fi ń wọn ìṣòro rẹ̀. Nọ́ńbà 1 sí 4 ń sọ bí ó ti le tó láti rìn ín: 1 kò gba okùn rárá, 4 sì jẹ́ ti àwọn ọ̀jáfáfá. Lẹ́tà A, B tàbí C ń sọ nípa omi: A ni ibi tó gbẹ tàbí tí omi rẹ̀ kéré, B ni omi tó dúró jẹ́ẹ́ tí ènìyàn lè ní láti wẹ̀ kọjá, C ni omi tó ń ṣàn. Bí wọ́n bá pè yín sí ọ̀gbun, ẹ béèrè nọ́ńbà àti lẹ́tà rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ewu tó tóbi jù níbẹ̀ ni àgbàrá òjijì. Òjò kò nílò láti rọ̀ sí orí yín. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ní Antelope Canyon ní ìpínlẹ̀ Arizona, ènìyàn 11 ló bá àgbàrá lọ. Ibi tó jìnnà sí wọn ni òjò náà ti rọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ènìyàn 7 tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣòfò nínú Keyhole Canyon ní ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè ti Zion, ní Utah níbí. Wọ́n gba ìwé àṣẹ, àwọn aláṣẹ sì ti kìlọ̀ lọ́jọ́ náà pé àgbàrá ṣeé ṣe. Ìwé àṣẹ kì í dá òjò dúró. N kò mọ ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan wọn rò kí wọ́n tó wọlé, n kò sì ní fi òkú ṣe àríkọ́gbọ́n bí ẹni tó gbọ́n jù wọ́n lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí èmi ti ṣe rí: mo ti wo ojú ọ̀run tó ń ṣú, mo wo ojú àwọn tó kù, mo rí i pé ọkàn wọn balẹ̀, mo sì fi ìbàlẹ̀ ọkàn wọn ṣe tèmi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé bóyá àwọn náà ń wo ojú tèmi.

Ìró tó jáde lábẹ́ yìnyín

Èyí tó kọ́ mi jù lọ ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kejì ọdún tó kọjá. Àwa mẹ́jọ la lọ fi síkì rìn lórí òkè. Ọmọbìnrin Abẹ́òkúta kan tó ń kàwé ní yunifásítì níbí wà láàrin wa, òun ló kéré jù. Òun àti èmi la jọ kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ìyalulẹ̀ yìnyín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Yìnyín orí òkè máa ń tò ní ìpele lórí ìpele. Bí ìpele tó wà nísàlẹ̀ bá rọ, tí èyí tó wà lókè sì wúwo, ìwúwo ènìyàn kan lè mú kí gbogbo rẹ̀ ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láàrin dígírì 30 sí 45 ni èyí ti wọ́pọ̀ jù. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ẹ̀kọ́ náà ni pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjàǹbá tó pa ènìyàn, ẹni tó kú tàbí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ya yìnyín náà fúnra rẹ̀. Nítorí èyí ni olúkúlùkù fi ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan sáyà tó ń ránṣẹ́ jáde, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó ṣeé ká àti ṣọ́bìrì. Bí yìnyín bá bo ẹnìkan, àwọn tó kù yóò fi ẹ̀rọ tiwọn wá ibi tó wà, wọn yóò fi ọ̀pá gún yìnyín títí yóò fi kàn án, wọn yóò sì gbẹ́ ẹ jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni ìrètí pọ̀ jù. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tètè relẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ òfuurufú tó lè tètè débẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró tì ọ́ ni dókítà rẹ.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, àsọtẹ́lẹ̀ àárọ̀ fi ewu sí ìpele kẹta nínú márùn-ún. Ètò wa ni pé kí a má kúrò lórí ojú òkè tó tẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn yọ, ara wá yá gágá, ẹni tó ṣáájú wa sì ya sí ọ̀nà òsì, síbi tí yìnyín ti mọ́ lóló tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀. Ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ ju ibi tí a ti ń bọ̀ lọ. Ọkùnrin náà ti ń yọ̀ lórí àwọn òkè yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Lójijì, ìró kan jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó dún wùmù, ilẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé ẹ gbọ́ ìró yẹn? Bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá já bọ́ látorí ọkọ̀ ni."

Mo gbọ́ ọ. Mo sì rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ìró náà túmọ̀ sí: ìpele ìsàlẹ̀ ti wó. Ohun tí mo sọ ni pé, "Fi ọkàn balẹ̀, àbúrò. Ọkùnrin yẹn ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ."

Ó wò mí. N kò lè gbàgbé bó ṣe wò mí. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó sì pe ẹni tó ṣáájú. Gbogbo ènìyàn níhìn-ín ló máa ń pe ọkùnrin náà ní orúkọ rẹ̀ lásán. Òun kò lè ṣe é, "sà" ló ń pè é láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo gbọ́ ìró kan, ibi tí a kọjú sí yìí sì ga ju ohun tí a fi ẹnu kò sí láàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí a yí padà." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọkùnrin náà dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi náà gbọ́ ọ. Mo kàn ń bẹ ara mi pé kí n má gbọ́ ọ ni." Ó yọ irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìdagẹ̀rẹ́ òkè, dígírì 34 ni. A yí padà. A gba ibi tó tẹ́, a sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a mu tíì nínú ọkọ̀, a sì lọ sílé.

Ẹ má bi mí bóyá ibẹ̀ ì bá ya. Kò sí ẹni tó mọ̀. Bóyá a ì bá yọ̀ lórí rẹ̀ láyọ̀, kí a sì máa sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ó kéré tán ẹni mẹ́ta gbọ́ ìró náà tí wọ́n sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀, òun ló sì kéré jù. Bí kò bá sọ ọ́, a ì bá jọ lọ ni, gbogbo wa, pẹ̀lú ìmọ̀ wa.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ka iṣẹ́ Ian McCammon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe àyẹ̀wò ìjàǹbá yìnyín tó lé ní 700. Ó rí i pé kì í ṣe òpè nìkan ni yìnyín ń pa. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà ń kú, nígbà mìíràn níbi tí àmì ewu ti hàn gbangba. Ohun tó ń ṣì wọ́n lọ́nà ni àwọn nǹkan tí gbogbo wa mọ̀: ibi tí wọ́n ti máa ń lọ tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ìfẹ́ láti rí ojúure ẹgbẹ́, ìgbàgbọ́ pé ẹni tó ṣáájú mọ ohun gbogbo, àti ipasẹ̀ àwọn mìíràn tó ti kọjá níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ara mi ni mo rí níbẹ̀.

Bí ọmọ Yorùbá ṣe lè sọ ọ́

Ẹ̀yin ará mi, wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í já àgbà nírọ́. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, n kò sì ní kí ẹ jù ú nù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọbìnrin yẹn ṣe. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sọ pé ẹni tó ṣáájú kò mọ̀nà. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sọ ohun tó gbọ́, ó rán wa létí àdéhùn àárọ̀, ó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, ó sì sọ ohun tí òun ń fẹ́. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, òtítọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí èmi pè ní ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú títì lásán ni. Mo sì lo ipò ẹ̀gbọ́n mi láti fi pa ẹnu àbúrò mọ́. Èyí ni mo tọrọ àforíjì rẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀. Ó ní, "Kò tọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n," ṣùgbọ́n ó wo ojú fèrèsé nígbà tó ń sọ ọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá ẹgbẹ́ kankan jáde, ẹ bi wọ́n ní nǹkan wọ̀nyí. Ta ni yóò ṣáájú, ta ni yóò kẹ́yìn? Wákàtí wo ni a ó yí padà? Kí ni àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ wí, kí ni yóò sì mú kí a má lọ rárá? Kí ni olúkúlùkù yóò gbé? Èyí tó ṣe kókó jù: bí ẹnìkan ṣoṣo bá ní òun kò lọ mọ́, ṣé gbogbo wa yóò yí padà, ta ni yóò sì bá a padà? Ẹgbẹ́ rere yóò dáhùn láìbínú. Ẹgbẹ́ tó bá fi ìbéèrè yín ṣe ẹlẹ́yà, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Ẹ sì máa fi ìwé sílẹ̀ fún ẹnìkan nílé: ibi tí ẹ ń lọ, iye tí ẹ jẹ́, wákàtí tó yẹ kí ẹ dé, àti ẹni tó yẹ kó pè bí ẹ kò bá dé.

Ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí wọ́n fi yé òun pé ìyípadà jẹ́ ìjákulẹ̀. Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan lọ gun Denali, òkè tó ga jù lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà, tó ga tó mítà 6,190. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé góńgó nígbà tí ìjì mànàmáná dé. Wọ́n yí padà. Àwọn kan nínú wọn tún wà nínú ẹgbẹ́ Full Circle Everest tí ó lọ sí òkè tó ga jù láyé, ẹni 7 nínú ẹgbẹ́ náà sì dúró lórí góńgó rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Àwọn wọ̀nyí mọ méjèèjì.

Mo pe ìyá mi ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo sì ròyìn ọ̀rọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta yẹn fún wọn látòkè délẹ̀, títí kan ohun tí mo sọ fún un. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà ọmọ náà, kí àwọn lè kí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Òkè wo lẹ tún ń lọ ní Sátidé?" Mo dárúkọ rẹ̀. "Ṣé ẹ pọ̀?" A pọ̀. "Ṣé ọmọ yẹn yóò wà níbẹ̀?" Mo ní yóò wà níbẹ̀, òun ni yóò kẹ́yìn.

Wọ́n ní ó dáa, kí n lọ.